Ibi Tí Ẹ Ti Lè Wo Bọ́ọ̀lù Tó Ń Lọ Lọ́wọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Wá A

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sínú Google, wọ́n á fi "free live stream" kún un, wọ́n á wá máa tẹ líǹkì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìlàjì àkọ́kọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí àwòrán tó yọ, bó bá tiẹ̀ yọ rárá. Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, orílẹ̀-èdè tí ẹ wà lásìkò tí bọ́ọ̀lù ń lọ sì ni ilé tí à ń wò níbí. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà, ẹ má fo ọ̀kankan: ìdíje wo ni? Orílẹ̀-èdè wo lẹ wà? Iléeṣẹ́ wo ló ra ẹ̀tọ́ láti gbé ìdíje yẹn sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tó ṣáájú bọ́ọ̀lù ti ṣe èyí tó le jù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìdíje náà

Kò sí iléeṣẹ́ kan tó ń ta "gbogbo bọ́ọ̀lù Arsenal" pọ̀ lójú kan. Ìdíje ni wọ́n ń tà, kálukú pẹ̀lú àdéhùn tirẹ̀ àti iye ọdún tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ tẹ̀ lé Arsenal láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Premier League wà lọ́wọ́ Sky Sports àti TNT Sports láti 2025 títí di 2029. FA Cup wà lọ́wọ́ TNT Sports àti BBC láti sáà 2025/26. Sky àti ITV ló ń fi Carabao Cup hàn. Ní ti Champions League, láàárín 2024 sí 2027, TNT Sports ló ni èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ Amazon Prime Video ló ń mú ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, iléeṣẹ́ márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí áàpù kan lọ́jọ́ Sátidé fi lè ṣí áàpù yẹn kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kó má rí nǹkan kan.

Ẹ ṣí ojú ewé tí ẹgbẹ́ náà ń to ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ sí lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tirẹ̀. Orúkọ tàbí àmì ìdíje máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì. Bó bá jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni, wẹ́ẹ̀bùsáìtì, áàpù tàbí YouTube àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí àwọn fúnra wọn ló sábà máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Bó bá sì jẹ́ ìpegedé fún Ife Àgbáyé, ẹni tó ń gbàlejò ṣe pàtàkì. Ní Yúróòpù, UEFA ti ń ta ẹ̀tọ́ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé pọ̀ láti 2014. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tó ń gbàlejò ló ń ta tirẹ̀, torí náà bọ́ọ̀lù tí Brazil gbá nílé àti èyí tó gbá lẹ́yìn odi lè wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo orílẹ̀-èdè tí ẹ wà

Ibi tí ẹ wà là ń sọ o, a ò sọ ìwé ìrìnnà tí ẹ ní. Bọ́ọ̀lù Premier League kan náà, SuperSport ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. NBC àti áàpù rẹ̀ tó ń jẹ́ Peacock ló ni í ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń gbá a gan-an, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fi í hàn rárá. Òfin kan wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n má gbé bọ́ọ̀lù kankan sáfẹ́fẹ́ ní tààrà láàárín aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15 sí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ní ọ̀sán Sátidé, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá ìṣeré. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 ló wà nínú sáà kan, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún nínú wọn tí ẹni tó wà ní London kò lè rí wò ní tààrà lọ́nà tó bófin mu, nígbà tí ẹni tó wà ní New York ń wò ó lórí àga. Bí ẹ bá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé kò sí níbì kankan, ẹ má wulẹ̀ dára yín láàmú. Kò sí áàpù tí ẹ gbàgbé.

Àwọn kan yàtọ̀. Láti 2023, Apple ló ni ẹ̀tọ́ MLS, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, káàkiri àgbáyé. Nígbà Ife Àgbáyé àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù ní 2025, DAZN fi gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 63 hàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, àkáǹtì nìkan lèèyàn nílò. Èyí kọ́ wa láti máa yẹ ìdíje tuntun wò lọ́tọ̀, ká má kàn gbà pé iléeṣẹ́ tó ni ti ọdún tó kọjá ló ni tọdún yìí.

Ẹni tó bá rìnrìn àjò ní láti tún ìbéèrè yìí bi ara rẹ̀. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè European Union, òfin kan ti wà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2018 tó jẹ́ kí ẹni tó ti sanwó fún áàpù nílé lè máa lò ó bó bá lọ ṣe àbẹ̀wò fúngbà díẹ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú wọn. Bí ẹ bá jáde kúrò níbẹ̀, òfin yẹn ò ràn yín lọ́wọ́ mọ́.

VPN, ìyẹn áàpù tó ń jẹ́ kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ wà, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àwọn ò gbà á, wọ́n ní àkójọ àdírẹ́sì àwọn VPN tí wọ́n ti dínà mọ́, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí òfin wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú lílò rẹ̀. Kódà bó bá wọlé, wọ́n ṣì lè ní kí káàdì tí ẹ fi ń sanwó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ẹ ń díbọ́n pé ẹ wà. Ó sì lè ṣiṣẹ́ dé àárín bọ́ọ̀lù, kí wọ́n wá já a. A ò gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pàtàkì lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ẹni tó ni ẹ̀tọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ẹ̀tọ́ náà. Premier League, UEFA, FIFA àti CAF ló ń kọ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ wọn sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá, Live Soccer TV ni kẹ́ ẹ lò: ẹ wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ẹ yan orílẹ̀-èdè yín, á to orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì àti áàpù sílẹ̀ fún yín.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Àkójọ bẹ́ẹ̀ lè sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ni ìdíje náà, kó máà sọ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tiyín gan-an kò sí lára èyí tí wọ́n máa fi hàn. Ó tún lè jẹ́ pé orí áàpù nìkan ló máa wà, tí kò ní sí lórí tẹlifíṣọ̀n, tàbí pé orí ṣánẹ́ẹ̀lì tí iye tí ẹ ń san kò dé ló wà. Nítorí náà, ẹ parí ìwádìí yín lórí ètò ọjọ́ náà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán fúnra rẹ̀ gbé jáde. Orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, aago àti nọ́ńbà ṣánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ hàn sí yín lójú.

Ọjọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ púpọ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dààmú àwọn èèyàn jù. Lọ́jọ́ tí sáà Premier League bá parí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ló ń bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀. Lọ́jọ́ ìkẹyìn ìpele líìgì Champions League, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti di 36, méjìdínlógún ni. Ṣánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ á mú èyí tó gbóná jù, àwọn yòókù á fọ́n ká sórí ṣánẹ́ẹ̀lì tí ẹ kì í sábà ṣí. Ètò kan tó ń fò láti pápá kan sí òmíràn bí góòlù bá ṣe ń wọlé sì tún lè wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn dáadáa kẹ́ ẹ má lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń fò kiri nígbà tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín nìkan lẹ fẹ́ wò.

Aago

Bí ẹ bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sínú Google, aago ibi tí fóònù yín wà ló máa fún yín. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹgbẹ́ lè jẹ́ aago ìlú ẹgbẹ́ náà, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Yúróòpù ń yí aago lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ti yí tí ẹnì kejì kò tíì yí, bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán ní London, tó máa ń jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ní New York, á di aago mọ́kànlá. Ẹni tó wà níbi tí wọn kì í yí aago ní tirẹ̀ á rí i pé láti ìparí oṣù Kẹta, gbogbo bọ́ọ̀lù Yúróòpù ń fi wákàtí kan yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán náà lè sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti Sátidé sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé. Ẹ tún déètì yẹ̀ wò nígbà tó bá ku wákàtí 24.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣí àkáǹtì kí ọjọ́ tó pé

Ẹ má sanwó nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Báńkì lè kọ káàdì yín torí pé wọn kò tíì ṣí i fún sísanwó sí òkè òkun, kóòdù ìfìdímúlẹ̀ lè pẹ́ kó tó dé, áàpù lè ní kẹ́ ẹ ṣe àtúnṣe tó tó 150 MB kó tó ṣí. Ọjọ́ kan ṣáájú ti tó. Ẹ wọlé, ẹ ṣí ètò mìíràn tó ń lọ ní tààrà lórí áàpù yẹn, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́, tiyín náà á ṣiṣẹ́.

Ẹ ka iye ẹ̀rọ tó lè wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọjọ́ tí wọn óò tún yọ owó. Bó bá jẹ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ lẹ gbà, ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sórí kàlẹ́ńdà fóònù, kẹ́ ẹ sì fagi lé e ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́ náà wà, ó sì pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ra Ife Àgbáyé àti ìdíje ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fi í sórí áàpù wọn. FIFA+ wà láti 2022. UEFA.tv ń fi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ hàn. Àwọn àjọ bọ́ọ̀lù kan ń gbé líìgì obìnrin àti ìdíje kékeré sórí YouTube. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé YouTube àjọ náà lóòótọ́ lẹ wà, ẹ gba inú wẹ́ẹ̀bùsáìtì àjọ náà tẹ líǹkì YouTube tó wà níbẹ̀, ẹ má wá a lórí YouTube fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mbps (ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) kan tó ń wọlé láì dúró fún wákàtí kan jẹ́ 0.45 GB. Àwòrán HD tó mọ́ kedere, 1080p, sábà máa ń gba bíi 5 Mbps, ìyẹn 2.25 GB ní wákàtí kan. Bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìsinmi àti àfikún ìṣẹ́jú sún mọ́ wákàtí méjì, nítorí náà ẹ wá 4.5 GB sílẹ̀. 720p ní nǹkan bíi 3 Mbps á jẹ 2.7 GB. 480p ní 1.5 Mbps á jẹ 1.35 GB, ojú fóònù kékeré sì lè gbà á. Bó bá jẹ́ ìdíje tó lè wọ àfikún àkókò àti pẹnáritì, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e kí dátà má bàa tán nígbà tí wọ́n bá ń to bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún pẹnáritì.

Ẹ wọn ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ní irú wákàtí kan náà tí bọ́ọ̀lù máa lọ, nítorí aago mẹ́wàá àárọ̀ kò rí bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí gbogbo àdúgbò wà lórí rẹ̀. Kí ohun tí ẹ bá rí fi ìdajì ju ohun tí àwòrán náà ń gbà lọ: fún 5 Mbps, ẹ wá bíi 8. Bí tẹlifíṣọ̀n àti ráùtà bá wà nítòsí ara wọn, wáyà Ethernet ló dára jù. Bí Wi-Fi lẹ máa lò nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráùtà, ẹ mú 5 GHz. 2.4 GHz ń la ògiri dáadáa, àmọ́ gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò ló ń pariwo lórí rẹ̀.

Bí áàpù bá jẹ́ kẹ́ ẹ yan, 720p tó ní fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sàn fún bọ́ọ̀lù ju 1080p tó ní 30 lọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá fíofío láti igun á máa fò bíi pé ó ń ta kọ́ńkọ́ńkọ́ lórí fírémù 30. Lórí 60, ojú yín á tẹ̀ lé e wọlé.

Ẹ wọlé sórí áàpù nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 30. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ńlá bá bẹ̀rẹ̀, ibi ìwọlé ló ń kọ́kọ́ dákú, kì í ṣe fídíò, nítorí gbogbo èèyàn ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ kì í sábà rí wàhálà yẹn.

Ohun tó ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀

Aládùúgbò ń pariwo góòlù, tiyín ṣì wà ní àárín pápá. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kan lè tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, áàpù sì ń kó bíi mẹ́ta pamọ́ kó tó fi hàn kó má bàa dúró. Ìyẹn 18. Tí ẹ bá fi ti ẹ̀rọ tó ń pa fídíò pọ̀ àti ìrìnàjò rẹ̀ kún un, ó di 30 sí 45. Ẹ pa ìkìlọ̀ góòlù lórí fóònù, ẹ sì jìnnà sí gúrúùpù WhatsApp. Bí ẹ bá ti dá a dúró lẹ́ẹ̀kan láti gbé ìpè, ẹ ti jìnnà sí i nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì "Live" kẹ́ ẹ lè bá wọn.

Ohùn ń jáde, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ààbò àwòrán ló fà á. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í jẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú fóònù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lásán, wọ́n sì ń dínà mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí HDMI padà sí VGA nítorí pé kò ní HDCP, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n da àwòrán kọ. Ẹ lo bọ́tìnnì Cast tàbí AirPlay tó wà nínú áàpù náà, tàbí kẹ́ ẹ fi áàpù sórí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀.

Àwòrán kò mọ́ láìka pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Lórí Android, ẹ wo ìpele Widevine, ìyẹn ètò ààbò fídíò tó wà nínú fóònù. L1 ń fún yín ní HD. Fóònù tó bá wà ní L3 kì í sábà kọjá 480p, fóònù tí wọ́n ti ṣí bootloader rẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ẹ bá tan fóònù) sì lè já sí L3.

"Kò sí ní agbègbè yín." Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá VPN ṣì wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò lórí Wi-Fi, ẹ lo dátà fóònù, torí àdírẹ́sì Wi-Fi iléeṣẹ́ tàbí òtẹ́ẹ̀lì lè máa fi hàn pé orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ wà. Ẹ jẹ́ kí áàpù náà mọ ibi tí ẹ wà bó bá bèèrè.

Ó ń yípo, kò lọ. Ẹ sọ ìmọ́kedere kalẹ̀ ní ipele kan, ẹ ti gbogbo áàpù tó ń gba nǹkan lábẹ́lẹ̀ pa, ẹ tún áàpù náà ṣí. Bó bá jẹ́ orí bùráúsà ni, ẹ pa ohun tó ń dí ìpolówó fún ojú ewé yẹn, nítorí ó lè dí fídíò náà mọ́ ọn.

Àwọn líǹkì tó lè kó yín sí gbèsè

Lórí Facebook, ẹ ó rí ojú ewé tó ní orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wò. Ẹ sún mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa. Bí irun àwọn agbábọ́ọ̀lù kò bá mì nígbà tí wọ́n ń sáré, tí àwọn òǹwòran lẹ́yìn sì ń ju ọwọ́ sókè bákan náà, géèmù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Ẹ fi aago àti iye góòlù tó wà lójú rẹ̀ wé ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìdíje náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni kẹ́ ẹ tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀.

Níbi líǹkì yẹn, bọ́tìnnì "Play" mẹ́ta lè wà, kí gbogbo wọn jẹ́ ìpolówó. Ẹ kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gba fáìlì APK (áàpù tí kò gba Play Store wá), kẹ́ ẹ ṣe àtúnṣe "player", kẹ́ ẹ tẹ "Allow" kí ìkìlọ̀ lè máa wọlé, tàbí kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀ "fún ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́". Ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe ìdánwò kò nílò káàdì. Bí ẹ bá ti tẹ "Allow" tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sínú sẹ́tíǹsì bùráúsà, níbi Notifications, ẹ yọ orúkọ ojú ewé náà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì lẹ ti fi sílẹ̀, ẹ pe báńkì yín kó dí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí kò bá sí níbì kankan

Ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ní asọ̀rọ̀bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lórí áàpù wọn, ó sì máa ń wà fún àwọn tó wà lókè òkun. Ohùn nìkan kò jẹ ju nǹkan bíi 60 MB ní wákàtí kan ní 128 kbps. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà tún lè wà lórí áàpù iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ nígbà tó bá yá. Bí ìyẹn lẹ bá fẹ́ dúró dè, ẹ má ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ áàpù náà, torí èsì ni wọ́n máa ń kọ gàgàrà síbẹ̀. Ẹ fi líǹkì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ibẹ̀ wọlé tààrà.